Àyè Kò Sí fún Eegun Boniface

Ìgbà kejì tí wọ́n gbé Boniface wá sí Ọ̀wọ̀ láti Ute, orí ọ̀kadà náà ni wọ́n tún gbé e wá. Ọlọ́kadà wà níwájú, Boniface wà láàárín, Ìbílọlá ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, ó fi ìró di ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà kí ó má baà yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin náà ń fì dirodiro bí ẹ̀ka tí ìjì ti ṣẹ́ àmọ́ tí kò tíì já bọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ké igbe kan tó mú kí alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì títì gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró, tó ń wo ẹnu ọ̀nà Ilé Àyẹ̀wò Ìtura.

Yàrá kékeré ẹ̀yìn ni Toyyibah wà tó fi gbọ́ igbe náà. Ó dìde, ó jáde síwájú, ó yọjú lójú fèrèsé.

“Áà! Ṣé kì í ṣe bàbá tó wá lọ́jọ́ Ajé nìyẹn?”

Òun náà ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Boniface já láti orí igi obì nínú oko rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí wọn ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n lọ ya àwòrán itan rẹ̀. Òjò ti ba ọ̀nà abà wọn jẹ́ débi pé mọ́tò kì í wọ ibẹ̀ mọ́, ọ̀kadà nìkan ló kù. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ya àwòrán náà, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, pé èsì ń bọ̀. Èsì ò wá. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n tẹ̀ wọ́n láago pé kí wọ́n padà wá.

“Ọ̀gá,” Ìbílọlá bi máníjà tó jáde sí wọn, “kí ló dé tí ẹ fi ní ká tún padà wá? Ẹ wo bí ó ṣe ń làágùn.”

Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus ni orúkọ máníjà. Ọmọ ilé ńlá ni ní Ọ̀wọ̀, bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun gan-an sì jẹ́ ìbátan ìyàwó dókítà tó ni ilé iṣẹ́. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyá, ọkọ yín ló mira. Ẹni tí wọ́n bá ń ya àwòrán eegun rẹ̀ kì í mira. Tó bá ti mira, àwòrán bàjẹ́ nìyẹn.”

Boniface gbórí sókè lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. “Èmi? Ìrora ò jẹ́ kí n lè gbé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan, ẹ ní mo mira?”

“Ẹ má jiyàn, Bàbá. Ẹ̀rọ kì í parọ́.”

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í parọ́. Sylvanus ló ń parọ́, Toyyibah sì mọ̀, nítorí òun ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo àwòrán aláìsàn ń wọ̀ sí nílé iṣẹ́ náà. Ọmọ Jímọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà ni. Ó kàwé kọ̀ǹpútà ní Pólì, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń gbé àwòrán eegun sókè lójú fèrèsé kí wọ́n tó rí i. Báyìí, bí Babátọ́pẹ́, ọmọ ìlú Upenmen tó ń ya àwòrán, bá ti tẹ bọ́tìnnì, àwòrán á kọjá sínú sáfà. Láti ibẹ̀ ni Dókítà Ibtisam, obìnrin tó ń ka àwòrán fún wọn láti Ìbàdàn, yóò ti ṣí i, tí yóò sì kọ èsì ránṣẹ́. Àmọ́ bí sáfà bá kún, àwòrán ò ríbi balẹ̀ sí. Bí ẹni ru ẹrù dé ẹnu ilé tó ti kún àkúnya ni: ìdajì á wọlé, ìdajì á dànù síta. Ohun tó ṣe eegun Boniface nìyẹn. Díẹ̀ nínú ìbàdí rẹ̀ wọlé, ìyókù dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ohun tó sì ká Toyyibah lára jù ni pé ó ti kìlọ̀. Láràárọ̀, kó tó mu omi, àyè tó kù nínú sáfà ló kọ́kọ́ máa ń wò, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, gíìgì kan, ó pọ̀ tán, ni àwòrán aláìsàn ń jẹ lóòjọ́. Àyè ṣì máa tó wọn lò fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, bó ṣe rò ó. Àfi bí ó ṣe di pé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tó bá débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á bá a pé bí ọgọ́rùn-ún gíìgì ti wọlé láàárín Àbámẹ́ta àti Àìkú, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ wà ní títì. Ó kọ lẹ́tà sí máníjà. Ó kọ èkejì. Nígbà tó kọ ẹ̀kẹta, Sylvanus ní òun ti gbọ́. Nígbà tó kọ ẹ̀kẹrin, ó bi í bóyá akọ̀wé lẹ́tà ni wọ́n gbà á fún ni.

Lọ́jọ́bọ̀ yìí, Toyyibah tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá, bàbá yẹn ò mira. Sáfà ló kún. Bí wọ́n bá tún ya àwòrán náà nísinsìnyí, bákan náà ló máa rí.”

Sylvanus jókòó. “Pa àwọn tó ti pẹ́ rẹ́. Àwòrán èṣí, ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe?”

“Ọ̀gá, àwọn ènìyàn yẹn ṣì ń padà wá. Obìnrin tí wọ́n yẹ ọmú rẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, ti èṣí ni dókítà máa fi wé ti ọdún yìí kó tó mọ̀ bóyá kókó náà ń dàgbà. Ẹni tó ń wúkọ́, àwòrán àyà rẹ̀ àtijọ́ ni—”

“Ṣé ìwọ ni dókítà ni?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa lọ.”

Wọ́n tún ya àwòrán náà. Boniface tún ké. Àwòrán tún wọlé ní ìdajì. Kí Toyyibah tó rántí pé ẹ̀rọ tí Babátọ́pẹ́ fi yà á fúnra rẹ̀ máa ń mú àwòrán lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà, bí wọ́n bá sì ti pa á, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun ò yára ronú. Níta, ó ń gbọ́ bí ọ̀kadà ṣe ń gbéra, tí Ìbílọlá sì ń sọ fún ọkọ rẹ̀ lédè ilé pé kó mú òun dáadáa. Máníjà ti ní kí wọ́n padà lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Toyyibah fi ń rí ẹsẹ̀ yẹn lójú inú rẹ̀. Bó ń gbálẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni. Bó ń bọ́mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni. Nígbà tí wọ́n gbé Boniface dé nígbà kẹta lọ́jọ́ Ajé, kò ké mọ́. Ó dákẹ́ lọ gbári, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ sì ti wọ inú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ba Toyyibah lẹ́rù ju igbe lọ. Ó mú fìláàṣì tuntun kan, irin kékeré tí wọ́n fi ń gba fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ lé wọn wọ yàrá àwòrán, ó ti ilẹ̀kùn.

“Bọ̀dá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti yà á tán, ẹ má pa ẹ̀rọ. Ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí sáfà. Ẹ jẹ́ n gbà á síbí.”

Babátọ́pẹ́ wo fìláàṣì náà, ó wo ilẹ̀kùn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. “Toyyibah, máníjà ní àwòrán aláìsàn kankan ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.”

“Tó bá di ẹjọ́, ẹ ní èmi ni mo mú un.”

“Wọ́n á ní kí ni mò ń wò.”

“Bọ̀dá Tọ́pẹ́, ẹ wo ọkùnrin yìí.”

Babátọ́pẹ́ wò ó. Ó tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán jáde sójú ẹ̀rọ ní odindi, kedere, láti ìbàdí dé orúnkún. Toyyibah kò kọ́ ìmọ̀ eegun, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ̀: níbi tí orí eegun itan ti so mọ́ ìbàdí, ó ti dá sí méjì, apá kan sì ti fẹ̀gbẹ́ lé èkejì. Babátọ́pẹ́ ṣí fìlà lórí.

Toyyibah jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó fi dátà tara rẹ̀ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Dókítà Ibtisam tààrà, láti orí fóònù rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí dókítà fi pè é.

“Ta ló ni eegun yìí? Ẹ má jẹ́ kó gun ọ̀kadà kankan o! Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, kí ẹ wá mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní báyìí báyìí, iṣẹ́ abẹ ni. Ìgbà wo ló ṣubú?”

“Ọjọ́ kẹwàá rèé, Dókítà.”

“Ọjọ́ kẹwàá? Ta ló fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá?”

Toyyibah sáré wọlé lọ sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún Babátọ́pẹ́.

Babátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló bọ́ sójú títì tó bẹ ọlọ́kọ̀ kan tó fẹ́ lọ kó iṣu ní Emure-Ile. Wọ́n gbé mátíràsì tí aláìsàn ń dùbúlẹ̀ lé nílé àyẹ̀wò sẹ́yìn ọkọ̀ náà, wọ́n tẹ́ Boniface lé e. Kí ọkọ̀ tó gbéra, Ìbílọlá yíjú sí Toyyibah.

“Ìwọ ọmọ yìí, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé òun ló mira?”

“Rárá, Mà. Wọn ò mira. Àwa la ò ráyè fún àwòrán wọn.”

“Ẹ ò ráyè,” ni obìnrin náà wí, ó sì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ jókòó ti orí ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, wọ́n fún Toyyibah ní kúẹ́rì, ìwé ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn. Sylvanus kò fún un fúnra rẹ̀, ó ní kí obìnrin tó ń gbàlejò gbé e lé tábìlì rẹ̀. Ẹ̀sùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, pé ó fi fóònù ara rẹ̀ tú àṣírí aláìsàn síta. Ó ka ìyẹn, ó mí kanlẹ̀. Ó kéré tán, ó ti ṣe é. Ìgbà tó ka èkejì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n ní àìbìkítà rẹ̀ ló jẹ́ kí sáfà kún, tí iṣẹ́ fi dúró, àti pé kó ṣàlàyé láàárín ọjọ́ méjì ìdí tí wọn kò fi ní lé e.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àìbìkítà! Òun tó kọ lẹ́tà mẹ́rin! Òun tó ń wá sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn! Wọ́n da omi sílé ẹni, wọ́n tún ń bi ẹni pé kí ló dé tí ilẹ̀ fi tutù. Ó ká ìwé náà, ó fi sí àpò, nítorí bó bá ṣí ẹnu lákòókò yẹn, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó ló máa jáde.

Nírọ̀lẹ́, ó ka kúẹ́rì náà fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Jímọ̀ kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ títí ọmọ fi kà á tán.

“Lọ bẹ̀ ẹ́,” ló wí.

“Bàbá! Kí ni n ó bẹ̀ ẹ́ fún?”

“Iṣẹ́ ò sí níta. Ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́.”

“Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, mo ti gbà pé èmi ni mo fi bàbá yẹn sórí ọ̀kadà nígbà mẹ́ta. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n lé mi.”

Jímọ̀ gé òwú, ó na ẹ̀wù tó ń rán síwájú, ó wo ibi tó rán. “O ní ibẹ̀ kún. Kí ló kún ibẹ̀?”

“Fáìlì ni. Wọ́n ń wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀.”

“Mo gbọ́. Fáìlì kí ni?” Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. “Iye tó kù lo ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí. Ṣé o ti wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Bí aṣọ bá dín lọ́wọ́ mi, mi ò ní dúró máa sọ pé aṣọ dín. Màá wá ibi tí wọ́n ti gé e.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Toyyibah lára. Lóòótọ́, àwọn fódà kan wà nínú sáfà tí páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ kò lè ṣí, ti máníjà nìkan ló ń ṣí wọn, kò sì fẹ́ kí wọ́n ní òun ń tojú bọ ohun tí kì í ṣe tòun. Àmọ́ èèyàn lè má ṣí àpótí kó sì mọ bó ṣe wúwo tó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ mọ́, ó jókòó, ó ní kí sáfà to gbogbo fódà rẹ̀ sílẹ̀ fún òun bí wọ́n ṣe tóbi sí, èyí tó tóbi jù ní òkè.

Gbogbo sáfà náà kò ju ẹgbàajì gíìgì lọ. Àwòrán gbogbo aláìsàn láti ọdún mẹ́rin, àyà, orí, ọmú, ẹsẹ̀, ìbàdí, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún kan. Ohun tó jókòó sókè téńté, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ni fódà kan tí wọ́n pè ní “Ẹ́ksíréè Àtijọ́”.

Ẹnu yà á. Wọn kò ní ẹ́ksíréè àtijọ́ kankan lọ́tọ̀; òun ló to gbogbo wọn, ó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ó wo iye fáìlì inú rẹ̀: egbèje lé díẹ̀. Ó pín in. Fáìlì kan ń sún mọ́ gíìgì méjì. Bẹ́ẹ̀ àwòrán eegun èèyàn kan kì í ju ogún mẹ́gì lọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́gì ló sì ń di gíìgì kan. Fáìlì kan ṣoṣo nínú fódà yẹn ti jẹ àyè tó máa gba ọgọ́rùn-ún eegun. Eegun kí nìyẹn? Eegun àjànàkú? Ó wo ọjọ́ tí wọ́n wọlé: Àbámẹ́ta, Àìkú, Àbámẹ́ta, Àìkú. Máníjà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn.

Kò lọ bá Sylvanus. Ó tẹ Dókítà Gbọ́lá láago ní Àkúrẹ́, òun ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ó ní òun ti múra láti dáhùn kúẹ́rì, àmọ́ iwájú sáfà lòun fẹ́ ti dáhùn rẹ̀, níṣojú wọn.

Dókítà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Àgbàlagbà tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, kò fẹ́ràn ariwo. Ó pe Sylvanus, ó pe Babátọ́pẹ́, gbogbo wọn fún ara wọn mọ́ yàrá kékeré ẹ̀yìn. Toyyibah fi orúkọ fódà náà han Dókítà, àti bó ṣe tóbi tó.

“Ẹ bá mi ṣí i, sà.”

Sylvanus yára sọ̀rọ̀. “Dókítà, àṣírí aláìsàn ló wà níbẹ̀. Kò yẹ kí gbogbo ènìyàn máa wò ó.”

“Dókítà ni wọ́n, Ọ̀gá,” Toyyibah wí. “Bí kò bá yẹ káwa wò ó, ó yẹ kí àwọn wò ó. A ó jáde bí wọ́n bá fẹ́.”

“Ẹ dúró,” Dókítà Gbọ́lá wí. “Sylvanus, fi páswọ́ọ̀dù sí i.”

Sylvanus fi sí i, ó ṣì í tẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Fódà ṣí. Fíìmù ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: ti Kòríà, ti Íńdíà, tiwa-n-tiwa, bọ́ọ̀lù òyìnbó, eré orí tẹlifíṣọ̀n láti apá kìíní dé apá ogójì. Kò sí eegun kan níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ni Babátọ́pẹ́ ti sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe èyí ni àbúrò ìyàwó yín ń kó sínú fìláàṣì tà fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Mo ti gba apá kejìlá eré Kòríà yìí rí lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Ìntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ yá ju ti ìta lọ, àyè sì wà lọ́fẹ̀ẹ́, ni Sylvanus fi dáhùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà Gbọ́lá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tí Toyyibah kò lérò ṣẹlẹ̀: ó rẹ́rìn-ín. “Fíìmù! Ẹ̀yin ènìyàn yìí, mo ti rò pé ẹnìkan ja ilé iṣẹ́ mi lólè ni. Sylvanus, o ò ṣe dáadáa. Pa wọ́n rẹ́. Toyyibah, a ó fa kúẹ́rì rẹ ya, kò sí nǹkan kan mọ́. Ara wa ni gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.”

“Mi ò ní gbàgbé rẹ̀, sà.”

Toyyibah di etí tábìlì mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, àmọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan wà ní Ute tó ń jẹ́ Boniface. Eegun itan rẹ̀ dá sí méjì. Ó wá síbí nígbà mẹ́ta lórí ọ̀kadà, wọ́n sì gbé e padà sílé nígbà méjì nínú mẹ́ta yẹn lórí ọ̀kadà kan náà, nítorí pé apá kejìlá eré Kòríà jókòó síbi tó yẹ kí eegun rẹ̀ jókòó. Ọ̀gá mọ̀ pé sáfà kún. Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n wo ojú aláìsàn, wọ́n ní òun ló mira. Wọ́n ní kí n pa àwòrán ọmú àwọn obìnrin rẹ́ kí fíìmù lè ráyè. Ẹ ní ẹ̀ ń ṣàníyàn pé wọ́n jà yín lólè. Kí ni wọn ò jí, sà? Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n jí nínú ẹsẹ̀ ọlọ́mọ.”

“Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ni?” Sylvanus jágbe.

“Jẹ́ kó parí,” Dókítà wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Mo ti parí, sà. Kìkì pé wọ́n ní àìbìkítà mi ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sókè fún mi níhìn-ín, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.”

Sylvanus kò kà á. Dókítà Gbọ́lá wo orúkọ àwọn fíìmù yẹn tó ń sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Ó béèrè ọsibítù tí Boniface wà. Ó béèrè iye àwòrán mìíràn tó ti wọlé ní ìdajì. Toyyibah ti kà wọ́n, mọ́kànlá ni. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo àwọn mọ́kànlá, kí ilé iṣẹ́ lọ fi mọ́tò kó wọn wá láti ilé wọn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Sylvanus, ó ní kó lọ sinmi nílé fún oṣù kan.

“Ìsinmi, sà?” Toyyibah bi í.

“Toyyibah, ìbátan ìyàwó mi ni. Jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe lè ṣe é.”

Ìsinmi ni wọ́n pè é, bí ẹni pé iṣẹ́ ti rẹ ọkùnrin náà. Nígbà tí oṣù pé, kò padà wá. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti bá a wáṣẹ́ sí Àkúrẹ́, níbi tó ti tún ń jẹ́ máníjà. Kò sẹ́ni tó kọ kúẹ́rì sí i rí. Toyyibah ló wá ń mú páswọ́ọ̀dù àgbà lọ́wọ́, òun pẹ̀lú Dókítà, wọ́n sì pín sáfà sọ́tọ̀ débi pé ohunkóhun tí kì í ṣe àwòrán aláìsàn kò lè wọ ibi ìpamọ́ wọn. Wọ́n fi owó kún owó rẹ̀. Ó gbà á, àmọ́ inú rẹ̀ kò rọ̀.

Ní ti Boniface, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà eegun ní ká ní wọ́n gbé e dé ní ọjọ́ kẹta ni, ìrètí ì bá pọ̀. Báyìí, ọ̀pá ni yóò máa tẹ̀, gígun igi sì ti parí fún un.

Toyyibah ló tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí Dókítà Gbọ́lá lọ sí Ute fúnra rẹ̀, kó lọ sọ òótọ́ fún wọn. Dókítà fẹ́ kọ lẹ́tà. Toyyibah ní wọn kò fi lẹ́tà gbé e wá sí Ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Boniface kúrò ní ọsibítù, tí òjò sì ti dáwọ́ díẹ̀, wọ́n lọ. Mọ́tò dúró ní etí ìlú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ìyókù, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ ṣòkòtò Dókítà.

Boniface jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sórí àpótí. Dókítà Gbọ́lá sọ̀rọ̀, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́, ó ní sáfà kún, ó ní ẹni tó ní ó mira parọ́, ó ní òun tọrọ àforíjì. Boniface gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní òun ti gbọ́. Kò ní òun ti dárí jì í. Ó yíjú sí Toyyibah, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdúpẹ́ yẹn sì mú ojú tì í.

Ìbílọlá kò jókòó rárá. Ó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn, ó ká apá mọ́ àyà. Kò gbé àga jáde, kò bomi fún wọn. Nígbà tí Dókítà gbé àpò ohun jíjẹ tó mú wá kalẹ̀, obìnrin náà gbé e, ó gbé e padà lé e lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà, Dókítà Gbọ́lá ń fi ewé nu ẹrẹ̀ lára bàtà rẹ̀.

“Wọn ò fún wa lómi pàápàá,” ló wí. “Mo rò pé àwa tá a rin irú ìrìn yìí, wọ́n á ní kí a mu omi.”

“Omi wo la fẹ́ mu níbẹ̀, sà?” Toyyibah dá a lóhùn, ó sì ṣáájú rẹ̀ lọ síbi tí mọ́tò wà.